Àlejò Abẹ́ Awọ Àyà Mi

Ajé, 8 oṣù kẹrin, 1991

Dókítà Ebinimi ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: iye ìgbà tí ọkàn mi lù ní ìṣẹ́jú kan, àti bí ara ṣe rí. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé inú ló ń bí mi. Ó dáa. Ìwé nìyí.

Àádọ́rin láàárọ̀ yìí. Ara le.

Mo padà síbi iṣẹ́ lónìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Èbúté Kirikiri ò yí padà—ẹrẹ̀, bàájì, òórùn ajílẹ̀. Èmi nìkan ni mo yí padà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Mo dúró sẹ́nu pákó tí wọ́n tẹ́ sáàárín bàájì àti èbúté pẹ̀lú ìwé táálì mi, mò ń sàmì sí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá ti inú bàájì gòkè. Oòrùn ń pa mí. Mi ò dákú. Láti ọdún tó kọjá, mi ò lè dúró fún wákàtí kan láìdi nǹkan mú. Lónìí mo dúró fún mẹ́rin. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo.

Mo ti sọ fún wọn pé ìpá ni wọ́n gé fún mi. Lẹ́tà ilé ìwòsàn kàn sọ pé iṣẹ́ abẹ ni. Èmi ni mo fi ìpá kún un nínú fọ́ọ̀mù. Ta ló máa gba akọ̀wé tí ẹ̀rọ ń bá a ti ọkàn? Ẹ̀rù ló mú kí n kọ ọ́.

Àlejò ni mo sọ ẹ̀rọ náà. Ó wà lábẹ́ eegun èjìká òsì, ó tó páálí ìṣáná tí wọ́n gé igun ẹ̀ dànù. Èmi tí mi ò lẹ́ran lára—gbogbo etí ẹ̀ ló hàn. Wáyà ẹ̀ náà hàn, ó ga díẹ̀ bí iṣan, ó gba abẹ́ awọ wọlé lọ. Àpá ibi tí wọ́n gé ti hù, ó ń dán, ó nípọn bí ìka ọmọdé. Bí mo bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì, Àlejò á tì í síta.

Ẹ̀rínọlá ìyàwó mi ti tú àpò àyà gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó rán wọn sókè sí i, kí n lè máa ki ìwé kékeré bọ ibẹ̀. Ẹni tó bá rí nǹkan tó yọ, á rò pé ìwé ni. Wàhábì, tó máa ń so okùn kéréènì mọ́ ẹrù, wò mí títí. Ó ní, "Brọ̀dá, kí ló dé tí àpò yín fẹ́ gun èjìká?" Mo ní ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ẹ̀rínọlá ti ń ránṣọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìṣẹ́gun, 9

Àádọ́rin. Mo jẹ ẹ̀bà, mo tún ní kí wọ́n bù sí i.

Ọjọ́bọ̀, 11

Àwọn tó ń já ẹrù ti fún mi lórúkọ: Bàbá Onípàá. Bí mo bá ti ń bọ̀, wọ́n á ya ẹsẹ̀, wọ́n á máa rìn bí ẹni tó gbé ẹrù sáàárín itan. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó sàn kí wọ́n máa wo ìsàlẹ̀ ju kí wọ́n máa wo òkè lọ.

Tega ló dá wọn lẹ́kun. Òun ni hẹ́dìmáànù wọn. Ọmọ Urhobo ni, Ajégúnlẹ̀ níbí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹ̀ já gaara bí inú ò bá bí i. Bí inú bá bí i, Pidgin nìkan ló kù. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Láàárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ẹrù, á fi òróró àgbọn pa àyà àti apá títí wọ́n á fi máa dán. Àpò méjì lẹ́ẹ̀kan, èjìká kọ̀ọ̀kan. Kí n má parọ́, èmi náà máa ń wò ó. Èèyàn tó lẹ́ran lára tó báyẹn—Àlejò ì bá ráyè sá pamọ́.

Ó ní, "Leave Brọ̀dá Táálì. Person wey doctor don cut, na soldier." Ó gbé àga wá fún mi.

Ẹtì, 12

Ọ̀gá rán mi ní bébà lọ sí Wharf Road. Ọ̀gbẹ́ni Okechukwu lorúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n Fáìlì ni n óò máa pè é níbí, nítorí kò síbi tó ń lọ tí fáìlì kì í sí lábẹ́ abíyá ẹ̀. Mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Creek Road, mo fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Láàárín tírélà, láàárín eruku. Mi ò dúró sinmi. Lọ́dún tó kọjá ọ̀nà yìí ni mo ti dákú, tí wọ́n gbé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, tí ẹnì kan ń tú bàtà mi.

Bàtà mi wà lẹ́sẹ̀ mi.

Àbámẹ́ta, 13

Mo wẹ̀ kí ará ilé tó jí. Yàrá mẹ́jọ, balùwẹ̀ kan—ẹni tó bá pẹ́ á bọ́ra lójú gbogbo ayé. Àádọ́rin.

Àìkú, 14

Ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ní ká kí ara wa, Ẹ̀rínọlá sáré bọ́ sí apá òsì mi, ó di ògiri. Kò sẹ́ni tó rí mi dì mọ́.

Nílé, mò ń pààrọ̀ aṣọ, mo kẹ̀yìn sí dígí bí ìṣe mi. Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé ìyàwó tuntun ni yín ni, tí ẹ ń daṣọ bo àyà?" Mo ní kò dáa láti wò. Ó ní òun ti ń wò ó látọjọ́ tí wọ́n ti tú báńdéèjì, ojú òun ò tíì fọ́.

Morádéún ọmọ wa, ọmọ ọdún méje, gun itan mi, ó gbé etí lé Àlejò. Ó rò pé rédíò ni. Ó ní òun ò gbọ́ ìròyìn kankan.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ yìí ló bá mi nílẹ̀ ilé ìdáná lóṣù kejìlá, tó ń pè mí tí mi ò dáhùn.

Ìṣẹ́gun, 16

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Wàhábì gbé àwo ẹran wá fún wa. Ó ní èyí tó rọ̀ lòun ṣà, nítorí ìpá mi. Mo jẹ ẹ́. Ojú tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 18

Tega ṣubú.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Ó gbé àpò kan ṣoṣo, ó ń gòkè bọ̀ láti inú bàájì. Mo ti gbé gègé láti sàmì. Mo rí ojú ẹ̀—ó di eérú. Kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò pariwo, kò nawọ́ mú nǹkan kan. Ó kàn wó, bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Wàhábì da omi sí i lára. Kí n tó ka ogún, ó ti lajú, ẹ̀jẹ̀ padà sójú ẹ̀, ó dìde fùú, ó ń bi wá pé kí là ń wò.

Ẹnì kan ní ògógóró ni. Ẹlòmíràn ní wárápá ni. Wọ́n bá sún sẹ́yìn.

Fáìlì dé. Ó na imú sí ẹnu Tega, ó gbóòórùn, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Èmi mọ ohun tó jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ṣubú báyẹn lọ́dún tó kọjá. Ọkàn á kàn dúró, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń ṣe, ayé á sì ṣókùnkùn.

Bí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, wọ́n á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀.

Mo sàmì sí àpò náà.

Ẹtì, 19

Mi ò sọ nǹkan kan. Àádọ́rin.

Ajé, 22

Ó tún ṣubú—lórí pákó lọ́tẹ̀ yìí, omi lábẹ́ ẹ̀. Wàhábì ló gbá ìgbànú ẹ̀ mú. Àwọn méjì ràn án lọ́wọ́, wọ́n fà á sókè. Àpò tó wà léjìká ẹ̀ rì, a ò rí i mọ́.

Fáìlì ní kó lọ jókòó sílé, lẹ́tà á tẹ̀lé e. Ó ní ọtí ni. Ó ní bó bá kú sómi, ọrùn ta ni yóò wà? Tega búra pé òun ò fẹnu kan ọtí látọjọ́ tí wọ́n ti bí àkọ́bí òun. Àwọn yòókù ń wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ àfi èmi, èmi náà sì panu mọ́.

Ngozi ìyàwó ẹ̀ wá pàdé ẹ̀ lẹ́nu géètì, ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n jọ ń lọ. Ó rọra ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ kan wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ ẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó ń já bọ́.



Ọjọ́rú, 24

Mo gba ilé Tega lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ẹlòmíràn.

Mo ní, "Tega, kì í ṣe ọtí, kì í ṣe wárápá. Ọkàn ẹ ló ń dúró. Lọ rí dókítà ọkàn." Mo ti kọ orúkọ Dókítà Ebinimi sí bébà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbá àyà ẹ̀ gbì. Ó ní, "Brọ̀dá, ọkàn kẹ̀? Nínú ibí yìí? Ẹ wò ó dáadáa." Ó wá ní, "Ta ló sọ fún yín?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti tú bọ́tìnnì. Ọwọ́ mi gòkè dé ọrùn. Mo fi họ ọrùn. Mo ní mo kà á nínú ìwé ìròyìn.

Ngozi gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ etí ìró ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo jẹ́wọ́ fún Ẹ̀rínọlá. Gbogbo ẹ̀: pé mo rí i tó ṣubú, pé mo mọ̀, pé mo lọ síbẹ̀, mo tún lọ purọ́.

Kò bá mi jà. Ó ní, "Bàbá Morádéún, èmi náà ni mo rán àpò yẹn sókè. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni." Ó mú abẹ, ó mú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́la, ó já òwú àpò náà, ó dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ní ohun tó bá fẹ́ yọ, kó yọ.

Ẹtì, 26

Ngozi wá bá wa nílé ní ìrọ̀lẹ́. Òun nìkan.

Ó ní ẹkún lòun fi mú Tega dé ọ̀dọ̀ Dókítà Ebinimi lánàá. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, bébà gígùn jáde, dókítà fi ìka hàn wọ́n ibi tí ìlà ti lọ gbọọrọ láìsí òkè kankan. Wọ́n ní bó bá dúró lọ́jọ́ kan tí kò padà, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, nínú àwọn tí àwọn oníṣègùn òkè òkun fi ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ. Ó jẹ́ ti Tega bó bá fẹ́. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní ibi báyìí ni yóò wà.

Ìbéèrè kan péré ni Tega bi wọ́n: ṣé ó máa hàn? Dókítà ní àwọn ò ní parọ́ fún un, ó máa hàn. Ó dìde. "I no go carry tin for chest make people dey look me." Ó jáde.

Ngozi ò sunkún mọ́. Ó ní, "Brọ̀dá, dókítà bi wá pé ta ló rán wa wá. Mo dárúkọ yín. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín músẹ́." Ó wá ń wò mí. Ọwọ́ mi ti gòkè lọ bo àyà kí n tó mọ̀. Ó rí ohun tí mo bò.

Kò béèrè. Mo ní kó sọ fún Tega kó wá kó ẹrù ẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́la. Mo ní n óò wà níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, 27

Kí n kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kó má bàa sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́. Tega dé ní bí aago méjìlá láti mú tówẹ́ẹ̀lì àti ìgò òróró ẹ̀. Àwọn tó ń já ẹrù wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń jẹun, wọ́n á tó ogún. Fáìlì dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Wọ́n kí Tega bí wọ́n ṣe ń kí aláàárẹ̀: kíá, kí wọ́n lè gbójú kúrò.

Mo pè é. Mo ní, "Tega, mo parọ́ fún ẹ. Mi ò kà á nínú ìwé ìròyìn kankan."

Mò ń tú bọ́tìnnì. Ìkẹta ò fẹ́ tú. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì kan, mo bọ́ ìkejì tó wà lábẹ́ ẹ̀. Mo dúró.

Wọ́n gbójú sókè kúrò nínú oúnjẹ. Èmi náà wo ara mi, lójú oòrùn, ní ọ̀sán gangan, fún ìgbà àkọ́kọ́. Àyà tín-ín-rín. Ihà bí igi àjà. Nǹkan tó yọ gọngọ yẹn, wáyà ẹ̀, àpá tó ń dán.

Ẹnì kan ní, "Jésù." Ẹnì kan ní oògùn ni, wọ́n rì í mọ́ ọn lára ni. Mo ní ẹ̀rọ ni, bátìrì ló ń lò, bí ọkàn mi bá gbàgbé láti lù, òun ló ń rán an létí. Mo ní mo máa ń ṣubú bí Tega. Bákan náà gẹ́lẹ́. Mi ò mutí rí láyé mi.

Wàhábì gbé síbí sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìpá ọ̀hún rèé? Ó mà gòkè o!"

Ẹ̀rín bú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín lè gbé nǹkan kúrò lórí èèyàn báyẹn.

Tega ò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó na ìka kan, ó fà á padà, ó tún nà án. Ó ń bi mí léèrè bí ọlọ́pàá. Ṣé ó ń dùn mí? Bí mo bá sùn lé e ńkọ́? Ṣé ó ń dún létí? Ó rẹ ohùn sílẹ̀: ṣé mo ṣì ń ṣe ọkọ nílé? Mo ní kó lọ bi Ẹ̀rínọlá. Ìgbà wo ni mo ṣubú gbẹ̀yìn? Mo ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Brọ̀dá, ó burẹ́wà o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì wà láàyè."

Ó jókòó sórí àpò kan. Ó da tówẹ́ẹ̀lì bojú. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí wo oúnjẹ wọn, wọn ò wò ó.

Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, Fáìlì ti wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn.

Àìkú, 28

Ẹ̀rù ń bà mí. Inú mi tún dùn. Mi ò mọ̀ pé àwọn méjèèjì lè jókòó sórí àga kan. Àádọ́rin—ẹ̀rọ ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ajé, 29

Fáìlì pè mí. Fọ́ọ̀mù mi wà níwájú ẹ̀, gègé ẹ̀ wà lórí ibi tí mo kọ ìpá sí. Ó ní ta ló kọ eléyìí? Mo ní èmi ni. Ó ní kí n lọ rí dókítà ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí n mú èsì wá. Kò gbójú sókè rárá.

Ó tán. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é.

Ìṣẹ́gun, 30

Ẹ̀rínọlá ní bí wọ́n bá lé mi, òun á kọ́ mi ní ìránṣọ, ṣebí mo ti sọ fún wọn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ká jọ máa kọ́ ọ.

Ọjọ́rú, 1 oṣù karùn-ún

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Kò síṣẹ́. Ngozi ránṣẹ́: Tega ti gbà! Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí.

Mo wẹ̀ lọ́sàn-án. Mo gbé garawa omi mi kọjá níwájú gbogbo yàrá mẹ́jọ, tówẹ́ẹ̀lì ní ìbàdí, àyà lásán. Ìyá arúgbó yàrá kẹta bi mí pé kí nìyẹn. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ẹ kú orí ire." Wọ́n padà sórí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń ṣà.

Ẹtì, 3

Dókítà ilé-iṣẹ́ jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ń wúkọ́ ju àwa aláìsàn lọ. Ó gbọ́ ọkàn mi níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ó ní kí n gun àtẹ̀gùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní ọkàn mi dára ju tòun lọ. Ó kọ ọ́: kò sóhun tó ní kí n má ṣiṣẹ́ mi, kí n kàn má sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀.

Mo gbé e fún Fáìlì. Ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi ń gbàdúrà fún ìpá ẹ. Mò ń rán Ọlọ́run lọ síbi tí kò sí nǹkan kan." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Má kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù mi mọ́." Ó wá fa lẹ́tà kan yọ, mo rí orúkọ Tega lórí ẹ̀. Ó ya á sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin, ó ní òun ti gbóòórùn ẹnu ọkùnrin yẹn, òun ò gbọ́ òórùn ọtí, òun sì tún kọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ fún tábìlì, kì í ṣe fún mi.

Mo dé ìta. Mo di ògiri mú. Kì í ṣe àìsàn. Ìdùnnú ni.

Ẹtì, 10

Wàhábì ń béèrè bóyá wọ́n ní irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n lè fi sórí, kó máa rán ìyàwó òun létí ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí.

Ìṣẹ́gun, 14

Èmi àti Ngozi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láti aago mẹ́jọ. Wọ́n ti gbé Tega wọlé. Kó tó wọlé ó dì mí lọ́wọ́ mú, ọwọ́ tó ń gbé àpò méjì yẹn tutù bí ẹja. Ó ní bí òun ò bá jáde, kí n má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọtí ni.

Ngozi ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ẹ̀. Èmi ń ka táìlì ilẹ̀.

Dókítà Ebinimi jáde, wọ́n ṣí fìlà iṣẹ́ abẹ kúrò lórí. Wọ́n ní ó ti ń béèrè oúnjẹ.

Ngozi yọ́ bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ bí ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí ìró nu ojú.

Ọjọ́rú, 22

Wọ́n tú báńdéèjì Tega. Mo bá a lọ.

Ẹran ara tí mo rò pé á bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀—kò bò ó. Àyà ẹ̀ le, awọ ẹ̀ fà, ó yọ síta ju tèmi lọ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó yíjú sí ògiri. A wọ ọkọ̀ padà sí Ajégúnlẹ̀. Mi ò sọ fún un pé á dáa. Mo bá a jókòó.

Nígbà tó yá ó ní, "Brọ̀dá, ẹ̀yin náà kórìíra tiyín?" Mo ní fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ó ní báyìí ńkọ́? Mo ní àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò rántí ẹ̀ títí dọ̀sán. Ó ní kí n bá òun ka ọjọ́ tí òun ti lò láìṣubú látìgbà tí wọ́n ti fi í sí i. A kà á lórí ìka. Mẹ́jọ. Ó tún un kà fúnra ẹ̀, bóyá mo fò ọ̀kan.

Ẹtì, 31

Fáìlì ní bí Tega bá padà, kò sí àpò rírù mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa fi júwe fún kéréènì. Tega bínú—ó ní iṣẹ́ àwọn àgbà ni. Ngozi sọ̀rọ̀ kan fún un ní Ìgbò tí mi ò gbọ́. Ó gbà.

Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Òjò láti òwúrọ̀. Tega wà lọ́dọ̀ wa, ó máa ń wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta báyìí. A ń jẹ àgbàdo sísè. Wàhábì kanlẹ̀kùn, ó mú àjèjì kan dání.

Ọkùnrin náà á ti lé ní àádọ́ta ọdún. Monday lorúkọ ẹ̀, awakọ̀ tírélà ní Creek Road. Ó jókòó sí etí àga, fìlà lọ́wọ́, omi òjò ń ro lára ẹ̀. Kò wo ojú ẹnì kankan. Wàhábì ló ròyìn fún wa: ó dákú nídìí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́run yọ ọ́, dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀rọ ni, ó sì ti sá fún dókítà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wàhábì ní òun sọ fún un pé òun mọ ọkùnrin méjì.

Ẹ̀rínọlá bu àgbàdo fún un. Kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n wá wò yín."

Tega wò mí. Mo wo Tega. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tèmi, òun náà bọ́ tiẹ̀.

Ó wò wá, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó pẹ́. Mo rò pé ohun tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè ló máa béèrè. Ó ní, "Irin tó wà nínú ara, lákòókò òjò báyìí, ṣé kì í tutù? Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Pé n óò máa gbé nǹkan tútù kiri nínú ara mi, bí òkú."

Mi ò rò ó rí.

Mo na ọwọ́ gba ọwọ́ bàbá náà. Ó le bí awọ bàtà. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ lé Àlejò, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ó ní, "Ó gbóná."

Mo ní, "Ara mi ni."